Orúkọ Ìyá Bùsàrí Àkànjí

Bí rédíò bá ti pe Bùsàrí Àkànjí, bàbá mi àgbà á dáhùn. Wọn ì báà wà nídìí oúnjẹ, wọn ì báà máa ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á ní, "Èmi rèé o." Kì í ṣe àwọn ni rédíò ń pè. Bíríkìlà ni wọ́n ní Ajah, ta ló fẹ́ pe bíríkìlà lórí rédíò? Àmọ́ Bùsàrí Àkànjí mẹ́ta mìíràn wà tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀kan jẹ́ adájọ́, ọ̀kan jẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù, ọ̀kan jẹ́ olóṣèlú tí a ń pè ní Ọnárébù, tó ń gbé ní Lẹ́kkí Phase 1 nínú ilé tó ní géètì méjì. Bàbá ò bá ọ̀kankan nínú wọn tan, wọn ò sì fojú kàn wọ́n rí. Síbẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n na ẹgbẹ́ kóòṣì ní bọ́ọ̀lù, wọ́n mọ ẹjọ́ tí adájọ́ dá, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àbúrò tó rìnrìn àjò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a sin wọ́n. Rédíò náà ṣì wà lójú fèrèsé. Lánàá ó tún pe orúkọ náà, Ọnárébù ni, ó lọ ṣí nǹkan kan níbì kan, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń dẹ etí sí yàrá Bàbá. Mo jókòó, mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo mú bírò. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn o. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ìwà wọn ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tí wọ́n ṣe, àti ohun kan tí èmi náà ṣe tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan nílé wa.

Bàbá gbà pé orúkọ tí èèyàn mẹ́rin jọ ń jẹ́ dà bí kànga tí ilé mẹ́rin jọ ń pọn. Ẹ ò lè dá tutọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, torí bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, Àbẹ̀kẹ́ sì ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo wà ní prámárì, mo bú ọmọ aládùúgbò wa kan débi pé ìyá rẹ̀ wá fẹjọ́ mi sùn. Ẹnu mi kò dára láti kékeré, mo mọ̀. Mo ti ń retí ẹgba. Bàbá ò nà mí. Wọ́n ní kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ-ọmọ Bùsàrí Àkànjí ló bú èèyàn báyìí o. Adájọ́ náà ní ọmọ-ọmọ. Kí ni kí ọmọ-ọmọ tiẹ̀ wá ṣe?"

Ẹ wá gbọ́ ti àgbò. Ó ku ọjọ́ méjì kí a ṣe iléyá, àwọn èèyàn kan gbé àgbò wá láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n dé Ajah, wọ́n ń béèrè ilé Alájì Bùsàrí Àkànjí. Àwọn ará àdúgbò wa nawọ́ sí ilé wa. Àgbò yìí! Ìwo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ò sí nílé, Ìyá àgbà ló gbà á, wọ́n ṣàdúà fún àwọn tó gbé e wá, wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò, wọ́n ti ń pín ẹran lẹ́nu: apá fún èyí, itan fún tọ̀hún. Bí Bàbá ṣe wọlé, wọ́n wo àgbò, wọ́n wo Ìyá àgbà, wọ́n ní, "Kì í ṣe tiwa." Ni ìjà bá dé.

Ìyá àgbà ní, "Orúkọ yín ni wọ́n dá, Bàbá Kúdí! Ẹni tó gbé e wá ò ní òun ṣìnà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá ẹran jà?"

Bàbá tú okùn àgbò, wọ́n ní kí n máa bọ̀. A dé etí ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì, kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wa, àfi pikọ́ọ̀pù kan tó ń lọ kó iyanrìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a jókòó sí, èmi, Bàbá àti àgbò, títí dé Lẹ́kkí. Mégádì tó wà ní géètì ní, "Ta ni kí n sọ fún Ọnárébù pé ó wá?" Bàbá ní, "Bùsàrí Àkànjí." Mégádì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó gba àgbò náà o, àmọ́ títí Ìyá àgbà fi kú ni wọ́n ń sọ pé mégádì ló jẹ ẹ́. Inú bí mi nígbà tí a ń padà. Mo ní ṣé ìwọ̀nba ẹran kékeré yìí ni a ò lè jẹ? Bàbá fi ọwọ́ gbọn irun àgbò kúrò lára bùbá wọn, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá bá a jẹ nínú oyè rẹ̀ lónìí, wọ́n á ní kí n wá bá a jẹ nínú ìyà rẹ̀ lọ́la."

Láti Ìkirè ni Bàbá ti wá, nígbà tí wọ́n ń la ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní àgbọn àti iyanrìn ló wà láti Ajah dé Oniru nígbà náà, ẹran ń jẹ̀ níbi tí báǹkì wà báyìí. Bí a bá wọkọ̀, wọ́n á máa na ìka sí ògiri ẹ̀sítéètì lọ́tùn-ún lósì: èmi ni mo mọ ìyẹn, èmi ni mo mọ tọ̀hún. Ká sọ òótọ́, ọwọ́ wọn gún. Wọ́n á ta okùn, wọ́n á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn, wọ́n á di ojú kan wò ó, wọ́n á tún un ta. Ìwà kan wá wà lára wọn tó ń bí gbogbo wa nínú. Wọn kì í fi ògiri sílẹ̀ láàárín. Bí wọ́n bá ti gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀, òjò ò ní dá wọn dúró, ibà ò ní dá wọn dúró. Wọ́n ní ògiri tí bíríkìlà bá pa tì, aláǹgbá ni yóò bá a parí.

Ọjọ́ kan Ìyá àgbà ṣubú ní bàlùwẹ̀, wọ́n rán mi lọ pe Bàbá níbi iṣẹ́. Mo sáré débẹ̀, mo ń mí hẹlẹ. Bàbá ní, "Ó ku ìlà méjì." Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n to ìlà méjì náà tán, wọ́n fi rénjì wọ̀n ọ́n, wọ́n fọ ṣíbí ìmọlé wọn, kí wọ́n tó tẹ̀lé mi. Ìyá àgbà kò kú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ wọn ò gbàgbé rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá ti ń pẹ́ níbi iṣẹ́, Ìyá àgbà á gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi bi ògiri bóyá òun náà ti jẹun."

Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fi pamọ́ ni orúkọ ìyá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láàárín wa mọ ìdí rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣàdúà fún ẹnì kan, tàbí tó fẹ́ ṣépè fún un, orúkọ onítọ̀hún nìkan ò tó, torí orúkọ pọ̀ láyé. Orúkọ ìyá rẹ̀ la fi ń kún un, kí ọ̀rọ̀ náà lè mọ ilé. Bùsàrí pọ̀, Bùsàrí ọmọ lágbájá, ọ̀kan péré ni. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ tí olóṣèlú ń jẹ́, ó yẹ kó bẹ̀rù. Nígbà tí a gbé wọn lọ sí ọsibítù nítorí ojú wọn, nọ́ọ̀sì ń kọ fọ́ọ̀mù, ó béèrè orúkọ ìyá. Bàbá ní, "Kọ Ìyá Bùsàrí." Nọ́ọ̀sì ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó wà. Òun ló bí mi."

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Oniru ni kọngílá kan wá bá Bàbá nílé. Ó ní kí wọ́n bá òun mọ ògiri yí ilẹ̀ kan ká ní Ìdí-Àgbọn, lẹ́yìn Ajah, létí ọ̀sà. Èèyàn wà lórí ilẹ̀ náà. Ilé pákó ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní mọ́sáláṣí kékeré kan, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń sin òkú wọn sí. Kọngílá ní òun ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ti gbà láti kó. Bàbá ta okùn, wọ́n gbẹ́ fandéṣọ̀n, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni àwọn ará Ìdí-Àgbọn wá bá wọn nídìí ògiri. Ìyá Wàlíù ló ṣáájú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ta àgbọn létí títì. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí ibí yìí. Ọkọ mi ń bẹ lábẹ́ igi àgbọn yẹn. Ọ̀nà tí mo ń gbà lọ kí i lẹ ń dí yìí." Bàbá ní ṣé wọn ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kò sẹ́ni tó bá wọn sọ nǹkan kan, Ọnárébù kan ló ní òun ra ilẹ̀ náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á, àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Nílé, Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọn ò jẹun. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn?" Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ó ti dé orókùn." Mo ní kí ló dé orókùn? Wọ́n ní ògiri ni. Mo pariwo mọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n gbé ṣíbí wọn, wọ́n ní, "Mi ò ni ilẹ̀, mi ò ta ilẹ̀. Ògiri ni mo ń mọ."

Wọ́n parí rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n parí rẹ̀, katapílà dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, àwọn ọlọ́pàá sì dúró síbẹ̀, torí náà orí ògiri Bàbá ni àwọn ará Ìdí-Àgbọn gbà ju ẹrù wọn síta: ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, Kùránì tí wọ́n fi aṣọ dì. Ìyá Wàlíù jáde, ibojì ọkọ rẹ̀ kù sínú. Ògiri náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹ lè lọ wò ó. Kò sán níbì kankan.

Jimọ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí, ẹní ìkírun wà lábíyá wọn. Wọ́n rí àwọn ará Ìdí-Àgbọn létí ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì, ní òdìkejì ògiri. Àwọn obìnrin ṣí gèlè, wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Ìyá Wàlíù ló ń ké e, àwọn yòókù ń ṣe àmín: "Bùsàrí Àkànjí! Bí o ṣe dínà mọ́ wa, ọ̀nà á dí mọ́ ọ! Bùsàrí Àkànjí! Bí o ṣe yà wá kúrò lọ́dọ̀ òkú wa, ilẹ̀ ò ní gbà ọ́!" Ọnárébù Lẹ́kkí ló ra ilẹ̀ wọn, àmọ́ wọn ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ lásán ni wọ́n ń pè, orúkọ tí èèyàn mẹ́rin ń jẹ́.

Ẹ sì mọ ìwà Bàbá. Wọ́n gbọ́ orúkọ wọn, ẹnu wọn sì ti dáhùn kí wọ́n tó mọ̀. "Èmi rèé o." Wọ́n ní ohùn náà kò lọ sókè, kò sẹ́ni tó gbọ́, àmọ́ àwọn gbọ́ ọ. Wọ́n padà wálé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n pe èpè, mo sì jẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn oúnjẹ ò lọ lọ́fun wọn mọ́. Jimọ̀ kejì, Jimọ̀ kẹta, àwọn obìnrin náà ò sinmi. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ní àtúnṣe. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn, ká sọ fún wọn pé Bùsàrí Àkànjí ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n fi orúkọ ìyá Ọnárébù kún un kó lè mọ ilé. Orúkọ náà kò ṣòroó rí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí fún ìyá arúgbó náà, ó wà nínú ìwé ìròyìn: Àlájà Rábíátù. Mo kọ ọ́ sínú bébà pélébé kan, mo fi lé Bàbá lọ́wọ́. Mo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, a lọ.

A bá Ìyá Wàlíù nídìí àgbọn rẹ̀. Mo ṣàlàyé, Bàbá sì fi bébà náà lé e lọ́wọ́. Ó la ẹnu, ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ẹ̀yin náà ń jẹ́ Bùsàrí Àkànjí? Bàbá, ẹ má bínú, a ò mọ̀ o." Ó gbé àpótí fún wọn, wọn ò jókòó. Ó wá wò wọ́n dáadáa. "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni bíríkìlà yẹn."

Bàbá ní, "Èmi ni."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ òòjọ́ yín lẹ ṣe. Ta ló fẹ́ bá bíríkìlà jà? Ẹ sọ orúkọ ìyá tiyín náà, kí a fi yọ yín kúrò níbẹ̀."

Inú mi dùn. Mo ní ó parí nìyẹn. Bàbá wo òdìkejì títì, níbi tí orí igi àgbọn ti yọ lókè ògiri. Wọ́n ní, "Sàláwátù." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ orúkọ ìyá tó bí bàbá mi àgbà. Mo ti fẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́ ká máa lọ, ni wọ́n bá tún sọ̀rọ̀. "Ẹ má fi yọ mí o. Ẹ fi kún un. Òun ló ni ilẹ̀, èmi ni mo mọ ògiri."

"Bàbá! Kí lẹ ń sọ? Mà, ẹ má dá wọn lóhùn, oúnjẹ ni wọn ò tíì jẹ!" Mo fà wọ́n títí a fi sọdá títì. Mo bá wọn jà lójú ọ̀nà níwájú gbogbo ayé, mo ń sunkún, mo ń pariwo. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ pa ara wọn ni. Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán. Wọ́n ní, "Ṣé o rántí àgbò?" Mo ní, "Ẹ ò jẹ àgbò náà, Bàbá! Ẹ dá a padà!" Wọ́n ní, "Mo dá àgbò padà. Mi ò dá ògiri padà."

Wọ́n gbé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọn ò sì gbé ọjọ́ kan nínú rẹ̀ láìretí pé èpè náà ń bọ̀. Wọn ò gbé ṣíbí mọ́. Bí rédíò bá pe orúkọ náà, wọ́n á yí i wálẹ̀. Wọn ò jẹ àgbọn mọ́, bí wọ́n bá sì rí Ìyá Wàlíù lọ́ọ̀ọ́kán ní Ajah, wọ́n á yà bàrá sí ọ̀nà mìíràn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní ogbó ni, ó kọ oògùn. Bàbá ní, "Dókítà ò sí níbẹ̀ ní Jimọ̀ yẹn."

Ṣé nǹkan kan ṣe Ọnárébù? Ó ń sanra. Ó tún wọlé ìbò, wọ́n tún fún un ní ipò tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan tí inú bí mi, mo ní, "Ẹ ò rí i pé èpè náà kò já mọ́ nǹkan kan? Ẹni tí wọ́n ṣe é fún gan-an ń jayé." Bàbá ń gbìyànjú láti gbé ife tíì dé ẹnu, ó ń dà sí wọn láyà. Wọ́n ní, "Bóyá ilé tèmi ló mọ̀."

Ibi tí mo ń bọ̀ ló kù yìí. Ìyá Wàlíù wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá rí i láti ojú fèrèsé, wọ́n ju ọwọ́ sí mi pé kí n ní àwọn ò sí nílé. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kejì, kò ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó kú. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn ti mú wọn sùn. Mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i díẹ̀. Òun ni. Ó ti darúgbó. Ó ní, "Ẹ kú ilé o. Bàbá bíríkìlà ni mo fẹ́ rí." Mo ní kí ló fẹ́ bá Bàbá sọ? Ó ní, "Ojú wọn ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí. Kò gùn." Mo wò ó, mo rí iyanrìn Jimọ̀ èpè yẹn, mo rí gèlè tí wọ́n ṣí. Mo rò ó pé obìnrin yìí fẹ́ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Mo ní, "Wọ́n ti lọ sí Ìkirè, mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé." Mo ti ilẹ̀kùn. Bàbá ò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Nígbà tí mo padà sí yàrá, ojú wọn ti là. Wọ́n ní, "Ta ló wá?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan."

"Mo ṣebí mo gbọ́ ohùn obìnrin."

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ẹ sùn."

Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n kú. Bí ladáànì ṣe kéde nínú mọ́sáláṣí pé Alájì Bùsàrí Àkànjí ti ṣaláìsí, ọlọ́kadà kún iwájú ilé wa. "Ṣé Ọnárébù ti kú ni?" Àwọn kan ti ń yọ̀. Mo ní, "Bíríkìlà ni." Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n tan ọ̀kadà, wọ́n lọ. Èèyàn tó kù láti gbé òkú kò tó ogún.

A dé itẹ́ òkú. Àwa obìnrin dúró sẹ́yìn. Wọ́n gbé Bàbá sínú, wọ́n bò wọ́n, alfa wá jókòó síbi orí ibojì láti bá wọn sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí òkú lè rántí èsì tí yóò fún àwọn málàíkà bí wọ́n bá dé. Alfa gbé ojú sókè. "Kí ni orúkọ ìyá wọn?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn àbúrò bàbá mi ń wo ara wọn. Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú ẹbí wa. Mo la ẹnu, ẹkún ló jáde. Alfa tún béèrè. Ohùn obìnrin kan wá jáde lẹ́yìn mi, ó ní, "Sàláwátù."

Alfa ní, "Bùsàrí ọmọ Sàláwátù." Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo yíjú padà. Ìyá Wàlíù ni.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń tú ká, mo lọ bá a. Mo ní, "Mà, ẹ ṣì rántí orúkọ náà."

Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé rẹ̀? Ọjọ́ yẹn gan-an la fi orúkọ náà yọ wọ́n kúrò nínú èpè. Ẹ ò tíì sọdá títì tán. Mo pe gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, mo ní bàbá tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, a ò ní ṣépè fún un. Àdúà la wá ń fi orúkọ ìyá wọn ṣe láti ìgbà náà." Ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ojú. "Ìyẹn ni mo ń wá sọ fún wọn. Bí mo bá rí wọn ní Ajah, wọ́n á sá. Mo wá sílé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní wọn ò sí."

Ó lè jẹ́ pé kò dá mi mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn lọ́jọ́ yẹn. Mo lè dákẹ́. Ẹbí mi wà nítòsí, wọ́n ń pè mí pé ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n wà nílé, Mà. Èmi ni mo dá yín padà. Wọ́n gbọ́ ohùn yín. Wọ́n bi mí ta ni, mo ní kò sẹ́nì kankan."

Ìyá Wàlíù wò mí. Ó wo ilẹ̀ pupa tó wà lórí Bàbá. Ó tún wò mí títí, mi ò sì lè gbé ojú kúrò.

Ó ní, "Kí ni orúkọ ìyá tìrẹ?"

Mi ò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo sọ ọ́ fún un.